Stéńlẹ́ẹ̀sì ò dógùn-ún, àmọ́ ó máa ń sán: àwọn àṣìṣe tá a fi ń ba páìpù omi gbígbóná jẹ́

Mo ti rí páìpù stéńlẹ́ẹ̀sì tó ń dán gbinrin, tí kò sí ìpẹtà kankan lára ẹ̀, tí ẹni tó ni í ń fọwọ́ pa á lára pé irin gidi nìyí, tí omi sì ń kán tó-tó-tó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n jó o pọ̀. Ọkàn ọkùnrin náà ò balẹ̀ rárá, ó ní báwo ni irin tí ò dógùn-ún ṣe máa jò. Mo ní ó jò torí pé ó sán ni, kì í ṣe torí pé ìpẹtà jẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ló ń jẹ mí lọ́kàn tí mo fi ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, torí àwọn tó ń ṣe bọ́ílà, àwọn tó ń ṣe páìpù omi gbígbóná, títí dé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ iná núkílíà, àṣìṣe kan náà là ń ṣe, a kàn ń ṣe é ní ìwọ̀n tó yàtọ̀ síra ni.

Ẹ wò ó, irin dúdú tó bá ń dógùn-ún, ojú á rí i, á máa tín-ín-rín díẹ̀díẹ̀, ẹ lè wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ sì mọ ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Stéńlẹ́ẹ̀sì ò rí bẹ́ẹ̀. Kúrómíọ̀mù inú ẹ̀ ló ń bá ọ́síjìn da awọ kan bò ó lójú, awọ yẹn tín-ín-rín débi pé ojú ò lè rí i, òun ló ń gbà á lọ́wọ́ ìpẹtà, tí wọ́n bá sì họ ọ́ kúrò, òmíràn á tún bò ó lójú ẹsẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ tí nǹkan kan bá ń fa irin yẹn nínú lọ́hùn-ún láìsinmi, awọ yẹn á máa ya ní ojú kan ṣoṣo, omi á wọlé díẹ̀, awọ á tún bò ó, ìfà yẹn á tún ya á, bó ṣe máa wọnú irin lọ nìyẹn, ó lè má tó mìlímítà kan lọ́dún, gbogbo ara páìpù tó kù á ṣì máa dán. Nǹkan mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ pàdé kó tó ṣẹlẹ̀: irin tó ṣeé sán, omi tó lè sán an, àti ìfà tó ń fa irin náà ya. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ̀kan kúrò níbẹ̀, kò ní sán. Èmi wá ṣàkíyèsí pé nínú gbogbo ibi tó ti sán tí mo mọ ìtàn ẹ̀, ọ̀kan péré nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta làwọn èèyàn ń ṣọ́, wọ́n á gbàgbé méjì tó kù.

Èyí tí mo máa ń gbọ́ jù ni "omi tiwa mọ́, kò sí iyọ̀ nínú ẹ̀, kí ló fẹ́ ṣe páìpù wa?" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1974, nílé iṣẹ́ núkílíà Dresden ní Illinois, páìpù tí wọ́n fi 304 ṣe, ìyẹn oríṣi stéńlẹ́ẹ̀sì kan tó wọ́pọ̀, sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú wẹ́ẹ̀dì, ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé kì í ṣe ibẹ̀ nìkan, ọ̀pọ̀ ríàkítọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi núkílíà mú omi gbóná, irú ẹ̀ tí omi ti ń hó nínú wọn ló ní in, nígbà tó fi máa di 1982 àwọn páìpù ńláńlá gan-an ti sán ní Nine Mile Point, iléeṣẹ́ núkílíà míì ní Amẹ́ríkà. Omi tí wọ́n ń lò sì mọ́ ju omi tí èyí tó pọ̀ nínú wa máa rí láyé ẹ̀ lọ. Ohun tó wà nínú ẹ̀ kò ju ọ́síjìn lọ, torí ìtànṣán inú ríàkítọ̀ máa ń fọ́ omi sí háídírójìn àti ọ́síjìn. Báwo ló ṣe pọ̀ tó? Ẹ fojú inú wo omi tó tó bílíọ̀nù kan gíráàmù, ọ́síjìn inú ẹ̀ ò ju nǹkan bí igba gíráàmù lọ. Ìwọ̀nba yẹn tó, nínú omi tó gbóná tó nǹkan bí 288 dígírì Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, láti mú páìpù tó nípọn sán. Nínú omi tútù, ọ́síjìn yẹn ò ní ṣe é ní nǹkan kan, òun gan-an ló ń bá a tún awọ ẹ̀ ṣe. Ooru ló yí i padà.

Torí náà tẹ́ ẹ bá ń bójú tó omi, ẹ má wulẹ̀ wo iyọ̀ nìkan. Ẹ wo ọ́síjìn, ẹ wo sọ́féètì tó máa ń jáde lára àwọn èròjà tó ń sẹ́ omi, kẹ́ ẹ sì máa wọn bí iná ṣe ń gba inú omi náà kọjá, torí tí nọ́ńbà yẹn bá ti ń gòkè, nǹkan kan ti wọ inú omi yín. Ohun táwọn iléeṣẹ́ núkílíà wá ṣe ni pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da háídírójìn sínú omi kó lè máa gbé ọ́síjìn yẹn mì, wọ́n sì ń wọn fóòtéèjì ojú irin nínú omi náà, tó bá ti wálẹ̀ kọjá nǹkan bíi -230 mìlífóòtì lórí òṣùwọ̀n háídírójìn, kíráàkì, ìyẹn ojú ibi tó sán, á fẹ́rẹ̀ẹ́ má rìn mọ́. Àwọn kan tún ń fi èròjà bíi plátínọ̀mù sí i kí háídírójìn díẹ̀ lè ṣe iṣẹ́ púpọ̀.

Ibi tí mo ti wá rí àṣìṣe tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ omi yìí ni ìgbà tí wọ́n bá ń tan ẹ̀rọ. Wọ́n á pa á fún àtúnṣe, afẹ́fẹ́ á wọ inú páìpù, omi á mu ọ́síjìn yó, wọ́n á wá máa gbé ooru gòkè kíákíá torí pé ọ̀gá ń pariwo pé iṣẹ́ ti pẹ́, wọn ò ní yọ afẹ́fẹ́ kúrò nínú omi kó tó gbóná. Wákàtí díẹ̀ yẹn ò hàn nínú ìwé tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n omi sí, torí wọn ì í tíì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n nígbà yẹn. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ lé afẹ́fẹ́ jáde, ẹ wọ̀n ọ́n, kẹ́ ẹ tó jẹ́ kó gbóná.

Ká bọ́ sórí iná wẹ́dà. Wóró-wóró ni irin jẹ́ tẹ́ ẹ bá fi máíkírósíkópù wò ó, ààlà sì wà láàárín wóró kan sí èkejì. Tí stéńlẹ́ẹ̀sì bá dúró pẹ́ nínú ooru tó wà láàárín nǹkan bí 500 sí 850 dígírì, kábọ́ọ̀nù inú ẹ̀ á lọ máa so mọ́ kúrómíọ̀mù lójú ààlà yẹn, kúrómíọ̀mù tó yẹ kó máa ṣọ́ ààlà náà á ti bá kábọ́ọ̀nù lọ, tó bá sì ti wálẹ̀ kọjá nǹkan bí ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún lójú ibẹ̀, awọ tó ń bò ó ò ní lágbára mọ́. Bí ògiri ò bá lanu, alángbá ò lè wọ ibẹ̀, ooru tiwa ló la ẹnu ògiri yìí fún omi. Ìdí nìyẹn tí kíráàkì kì í fi í sábà wà nínú ojú wẹ́ẹ̀dì fúnra ẹ̀, ìwọ̀nba mìlímítà sí i ló máa ń wà, níbi tí ooru ti dé ìwọ̀n burúkú yẹn. Àwọn wẹ́dà tó bá fẹ́ parí iṣẹ́ kíákíá máa ń gbé iná ga, wọ́n á máa da ọwọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún kí ojú ẹ̀ lè fẹ̀, wọn ò ní dúró kí ti ìṣáájú tutù kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Ẹ má gbà fún wọn. Ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ gbé iná wálẹ̀, kí ojú ibẹ̀ sì tín-ín-rín.

Òmíràn tún wà tó jẹ́ pé àwọn ògbóǹtarìgì gan-an ló ń ṣe é. Ẹni tó bá ti fi ọ̀pọ̀ ọdún jó irin dúdú mọ̀ pé tóun bá jó o tán, òun máa fi ooru nǹkan bí 600 dígírì lé e kí ìfà inú ẹ̀ lè rọlẹ̀. Ọgbọ́n gidi nìyẹn fún irin dúdú. Tó bá wá ṣe é fún stéńlẹ́ẹ̀sì 304, ó ti gbé gbogbo páìpù náà sínú ooru tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yẹn tán, ó fẹ́ yọ ìfà kúrò, ó wá sọ irin fúnra ẹ̀ di èyí tó ṣeé sán látòkè délẹ̀. Tó bá pọn dandan kẹ́ ẹ fi ooru tún un ṣe, a jẹ́ pé kó dé nǹkan bí 1,050 dígírì nìyẹn, kẹ́ ẹ sì rì í sínú omi kó tutù kíá, àbùjá kankan ò sí láàárín méjèèjì.

Ẹ̀yin kan á ti máa sọ pé "àwa 304L la rà, tàbí 316L, ọ̀rọ̀ yẹn ò kàn wá." Lóòótọ́, lẹ́tà L yẹn túmọ̀ sí pé kábọ́ọ̀nù inú ẹ̀ ò ju 0.03 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, nígbà tí 304 lásán lè ní tó 0.08, bẹ́ẹ̀ náà ni 321 ní títáníọ̀mù, 347 sì ní náyóbíọ̀mù tó ń gba kábọ́ọ̀nù mọ́ kúrómíọ̀mù lọ́wọ́. Ó wúlò gan-an, ẹ rà á. Àmọ́ ẹ má rò pé ó ti tán. Ọ̀rọ̀ wóró tó pàdánù kúrómíọ̀mù nìkan ni L yanjú, kò yanjú ìfà, kò sì yanjú irin tí wọ́n ti lù tàbí fáìlì débi tó fi le gbagidi.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Faransé nìyẹn, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ẹ̀. Ní òpin ọdún 2021, nílé iṣẹ́ núkílíà Civaux, wọ́n ń ṣe àyẹ̀wò àwọn páìpù tó ń gbé omi pàjáwìrì lọ sínú ríàkítọ̀, wọ́n rí àmì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú wẹ́ẹ̀dì níbi tí páìpù ti tẹ̀. Inú irin 316L ni, kò sí kúrómíọ̀mù tó sá kúrò lójú ààlà, ọ́síjìn ò sì pọ̀ nínú omi irú ríàkítọ̀ yẹn, torí wọ́n máa ń da háídírójìn sí i tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀ ni. Gbogbo ìwé ni ò fi bẹ́ẹ̀ ka ibẹ̀ sí ibi tó lè sán. Síbẹ̀ ó sán, wọ́n tún rí i láwọn ríàkítọ̀ míì, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n sì pa lọ́dún 2022 nígbà tí ilẹ̀ Yúróòpù ń wá iná lójú méjèèjì. Ohun tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n wádìí ẹ̀ ni ìfà: bí wọ́n ṣe to páìpù náà ń jẹ́ kí omi gbígbóná wà lókè kí èyí tó tutù wà nísàlẹ̀ nínú páìpù kan ṣoṣo, apá kan ń wú, apá kejì ń sún kì, èyí sì ń fa irin tí iná wẹ́dà ti mú le tẹ́lẹ̀.

Ti Penly, iléeṣẹ́ núkílíà míì ní Faransé, ló wá ká mi lára jù. Oṣù kẹta ọdún 2023 ni, ríàkítọ̀ kìíní níbẹ̀, páìpù náà nípọn 27 mìlímítà, kíráàkì yẹn sì ti jẹ ẹ́ dé 23, mìlímítà mẹ́rin péré ló kù kó jò, ó gùn tó 155 mìlímítà. Ẹ wá gbọ́ o, ibẹ̀ wà lára ibi tí EDF tó ni iléeṣẹ́ náà ti kà mọ́ ibi tí kò lè sán, nítorí bí wọ́n ṣe to páìpù ibẹ̀. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ń kọ́ iléeṣẹ́ yẹn, ojú wẹ́ẹ̀dì náà ò dáa, wọ́n tún un ṣe, kò tún dáa, wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá gbẹ́ ojú wẹ́ẹ̀dì jáde tẹ́ ẹ tún jó o, irin tuntun yẹn á sún kì bó ṣe ń tutù, irin àyíká ò sì ní jẹ́ kó sún, ìfà yẹn á wá dúró síbẹ̀ títí láé, ó sì lè pọ̀ tó ohun tí irin yẹn lè gbà kó tó nà. Ọdún tó lé ní ọgbọ̀n lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ ọwọ́ àwọn wẹ́dà wọ̀nyẹn jáde, ọ̀pọ̀ nínú wọn á ti fẹ̀yìn tì. Ẹ má tún ojú wẹ́ẹ̀dì ṣe kẹ́ ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ kọ ibi tó wà, iye ìgbà tẹ́ ẹ tún un ṣe, kí ẹni tó máa wá yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ iwájú lè mọ̀ pé ibẹ̀ ló yẹ kóun kọ́kọ́ lọ.

Irú àṣìṣe yìí náà ni kí páìpù méjì má ko ara wọn, kí wọ́n wá fi jáàkì àti ṣéènì fà á títí tó fi máa ko, kí wọ́n jó o bẹ́ẹ̀. Ojú á rí i pé ó gún. Inú ẹ̀ ń pariwo.

Fáílíìnì ńkọ́, ìyẹn fífi ẹ̀rọ ra ojú irin kó lè dán? Èyí ni mo máa ń bá àwọn èèyàn jà lé lórí jù. Wẹ́dà á jó páìpù tán, á wá gbé ẹ̀rọ fáílíìnì, á fi ṣe ojú ẹ̀ títí táá fi dán, oníṣẹ́ á yìn ín pé ọwọ́ ẹ̀ mọ́. Nígbà kan, èmi náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wẹ́dà kan tó ń fi fáílíìnì ra inú páìpù, iná ń ta yẹ́ríyẹ́rí, irin ti ń di búlúù, mo ní kó dúró, ó ní "ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n ṣe é kó rẹwà." Ọmọ dáadáa ni, kò mọ̀ ni. Bí fáílíìnì ṣe ń họ ojú irin, ó ń lọ́ àwọn wóró orí ẹ̀ pọ̀, ó ń mú un le, tó bá wá tutù, awọ òkè yẹn á wà nínú ìfà. Kò nípọn rárá, àmọ́ ibẹ̀ gan-an ni omi ti ń fọwọ́ kàn án. Ní Japan lẹ́yìn ọdún 2000 dáadáa, wọ́n rí kíráàkì lára irin 316L inú ríàkítọ̀, ó sì jẹ́ pé ojú awọ líle tí ẹ̀rọ àti fáílíìnì fi sílẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, kó tó wá gba ojú ààlà wóró wọlé lọ. Ẹ jẹ́ kí ojú wẹ́ẹ̀dì inú páìpù wà bó ṣe wà tó bá ti dáa. Tẹ́ ẹ bá gbọ́dọ̀ fáìlì ẹ̀, ẹ fọwọ́ fúyẹ́ ṣe é, ẹ má jẹ́ kó yí àwọ̀ padà, kẹ́ ẹ sì fi pépà tó kúnná parí ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn iléeṣẹ́ míì máa ń fi ìlù kéékèèké lu ojú ẹ̀ nígbẹ̀yìn, kí awọ òkè lè fún pọ̀ dípò kó máa fà, ìyẹn dáa tó bá jẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ló ṣe é.

Kúlóráìdì wá ńkọ́, ìyẹn èròjà tó wà nínú iyọ̀? Òun ni gbogbo ayé mọ̀, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń ṣìnà lórí ẹ̀, torí ìwọ̀n tó wà nínú omi ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo ibi tí omi ti ń gbẹ. Omi tí kúlóráìdì ẹ̀ kéré gan-an, tó bá ń wọ ihò tóóró kan tó sì ń gbẹ níbẹ̀ lójoojúmọ́, iyọ̀ á máa kóra jọ síbẹ̀ títí táá fi nípọn. Abẹ́ lágíńgì, ìyẹn aṣọ tí wọ́n fi ń wé páìpù kí ooru má bàa jáde, ló burú jù: òjò á wọ ibẹ̀, páìpù gbígbóná á gbẹ ẹ́, iyọ̀ á kù síbẹ̀, òjò á tún wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn nǹkan bí 60 dígírì ni wọ́n sọ pé ẹ̀rù ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bani, àmọ́ ẹ má fi 60 yẹn ṣe àdéhùn o. Ní Uster ní Switzerland lọ́dún 1985, àjà ilé ìlúwẹ̀ẹ́ já lu àwọn èèyàn, 12 ló kú, irin stéńlẹ́ẹ̀sì tó gbé àjà náà dání ló sán nínú afẹ́fẹ́ ilé ìlúwẹ̀ẹ́ lásán, kò sí ibi tó ti gbóná tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ má fi omi tí iyọ̀ wà nínú ẹ̀ dán páìpù wò kẹ́ ẹ wá jẹ́ kó gbẹ síbẹ̀. Ẹ má fi máákà àti téèpù tí kúlóráìdì wà nínú ẹ̀ kọ nǹkan sára ẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì ti kọ ọ́, ẹ nù ún kúrò kó tó gbóná.

Àwọn kan máa ní káwọn kúkú lọ ra irin tí níkẹ́ẹ̀lì pọ̀ nínú ẹ̀. Fún kúlóráìdì, ó máa ń ràn yín lọ́wọ́. Àmọ́ láti 1959 ni onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Coriou ní Faransé ti fi hàn pé Inconel 600, irin kan tí níkẹ́ẹ̀lì ẹ̀ lé ní ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún, máa ń sán nínú omi tó mọ́ tó gbóná dé 350 dígírì, ọ̀pọ̀ èèyàn ò gbà á gbọ́ nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi san owó ẹ̀.

Tó bá wá sán tán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn gbẹ́ ojú kíráàkì yẹn kẹ́ ẹ jó o padà. Ibi tẹ́ ẹ rí yẹn ni èyí tó jò, àwọn míì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tí wọn ì í tíì dé òde, iná tẹ́ ẹ bá tún fi sí i á sì fún wọn ní ìfà tuntun. Ẹ gé apá yẹn kúrò, kó fẹ̀ dáadáa, ẹ fi páìpù tuntun rọ́pò ẹ̀. Ayùn ni kẹ́ ẹ fi gé e, kì í ṣe iná, torí iná á ba gbogbo ohun tó yẹ kí wọ́n rí jẹ́. Ẹ má sì ju èyí tẹ́ ẹ gé yẹn dà nù, ẹ wé e, ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ kọ ibi tó ti wá àti apá tó wà lókè sí i lára, kẹ́ ẹ gbé e lọ fún àwọn tó ní máíkírósíkópù. Ní Civaux, ohun tí wọ́n ń wá tẹ́lẹ̀ ni àárẹ̀ irin tí gbígbóná àti títutù ń fà, ìgbà tí wọ́n gé páìpù yẹn wò ló tó dá wọn lójú pé ohun míì ni. Tó bá jẹ́ pé ààlà wóró ni kíráàkì náà ń tọ̀, ẹ padà lọ wo iná wẹ́dà yín, fáílíìnì yín àti ọ́síjìn inú omi yín. Tó bá jẹ́ pé ó ń la àárín wóró kọjá, tó sì ń yọ ẹ̀ka bíi gbòǹgbò igi, ẹ lọ ṣí lágíńgì gbogbo páìpù yẹn látòkè délẹ̀, iyọ̀ ti wà níbì kan.